Apá Ọ̀tún Àna Mi

Ọjọ́ Ajé, 1 Oṣù Kejì

Wọ́n kó àwọn ẹlẹ́wọ̀n tuntun wọlé lónìí. Mo ń fá pákó ìjókòó ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà ọgbà ẹ̀wọ̀n, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, mo ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń tò kọjá, kálukú di bùláńkẹ́ẹ̀tì mọ́ àyà. Ẹnì kan láàárín wọn — ọrùn gígùn, etí fẹ̀ẹ̀rẹ̀, ìrìn ẹni tí bàtà ń há lẹ́sẹ̀.

Ahọ́n ni. Ọkọ àbúrò mi. Òun ló gbé mi dé ibí.

Mo gbé iṣẹ́ sílẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀rù. Ayọ̀ ni! Ọlọ́run, mo mọ̀ pé o ò sùn, o kàn ń na ẹ̀yìn ni.

Kò rí mi. Èmi rí i. Ìyẹn tó fún òní.

Ìṣẹ́gun, 2 Oṣù Kejì

Ó rí mi nídìí ẹ̀rọ omi. Garawa bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Mo kí i káàbọ̀ sílé.

Ọjọ́bọ̀, 4 Oṣù Kejì

Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí àánú má bàa wá ṣe mí lójijì.

Ṣọ́ọ̀bù pákó ọ̀gá mi jóná lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ọ̀gá ń sùn ní yàrá ẹ̀yìn, kò jáde láàyè. Èmi ni fọ́mánù. Ahọ́n ló ń kun fáníìṣì — èmi náà ni mo bá a wá iṣẹ́ ọ̀hún, nítorí àbúrò mi. Lọ́jọ́ tó ṣáájú, èmi àti ọ̀gá ti bú ara wa níṣojú gbogbo òṣìṣẹ́, ariwo wa dé títì. Nígbà tí iná sọ, mo ti lọ ra ìṣó. Kò sẹ́ni tó gbà mí gbọ́.

Ahọ́n dúró ní kóòtù, ó gbé ọwọ́ sórí ìwé mímọ́. Ó ní òun wà lódìkejì títì, lábẹ́ igi, òun rí mi tí mo gbé kẹ́ẹ̀gì kẹrosíìnì gba ẹ̀yìn wọlé, òun sì rí mi tí mo sá jáde. Ó sunkún. Díẹ̀ ló kù kí adájọ́ bá a sun ún. Ẹ̀wọ̀n gbére ni wọ́n là mọ́ mi.

Ìdí tí mo fi ń pè é ní Ahọ́n nìyẹn. Orúkọ tí ìyá ẹ̀ sọ ọ́ kò ní wọ inú ìwé mi.

Àbúrò mi jókòó ti ọkọ ẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ilẹ̀ ló ń wò.

Tíṣà ló kọ́ mi lófin níbí. Àgbà ẹlẹ́wọ̀n ni, òun pa èèyàn ní tòótọ́, kò sì sẹ́ ẹ rí. Ìwé òfin mẹ́ta péré la ní, ọ̀kan kò léèpo mọ́, a ti ṣí wọn títí ewé wọn fi rọ̀ bí aṣọ. Lọ́yà Pákó ni wọ́n ń pè mí báyìí. Ìwé tí mo kọ ti tú àwọn mìíràn sílẹ̀, mo sì dúró sẹ́nu géètì kí wọn pé ó dàbọ̀. Tèmi nìkan ni kò ṣí. Kóòtù ní kí n mú ẹ̀rí tuntun wá. Níbo? Ẹnu èèyàn kan ló dè mí, ẹni tó sì ni ẹnu ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbúrò mi.

Ó dáa. Ó ti ń sùn lórí sìmẹ́ńtì báyìí. Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun.

Àbámẹ́ta, 6 Oṣù Kejì

Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi nínú eruku, láàárín ọgbà, níṣojú gbogbo ayé. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣàánú mi. Mo yà gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá. Ó dìde, ó tẹ̀lé mi dé ẹnu ṣọ́ọ̀bù, ó ń sọ ọ́ lọ: wọ́n ní òun jí ọ̀dà níbi iṣẹ́ òun, wọ́n fún òun lọ́dún méje, òun ò sì mọwọ́ mẹsẹ̀. Wọ́n parọ́ mọ́ òun ni!

Wọ́n parọ́ mọ́ ọn.

Mo rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé mi. Wọ́dà sáré wá wò bóyá nǹkan há mi lọ́fun. Ẹ̀san ò gbóògùn.

Àìkú, 7 Oṣù Kejì

Wọ́n ní mo lálejò. Mo ní irọ́ ni, àlejò wo? Àbúrò mi ni. Látìgbà tí mo ti wà níbí, kò fẹsẹ̀ tẹ ibí rí. Ó ti sanra díẹ̀, ó ti ń lo awò ojú. Ó kúnlẹ̀ lẹ́yìn wáyà, ó bèèrè àlàáfíà mi bí ẹni pé àná la ríra.

Ìgbà tó yá ló tú ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n fún ọkọ òun láti pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ti ń tán lọ, lọ́yà tó bá a ṣe ẹjọ́ kò gbé fóònù mọ́, gbogbo èèyàn ló sì ń sọ fún òun pé ẹ̀gbọ́n òun ló mọ̀ ọ́n kọ jù nínú ọgbà yìí. Ó ní kí n má wo tiwọn, kí n wo tàwọn ọmọ.

Mo bi í bóyá àwọn ọmọ mọ̀ pé mo wà láàyè. Ilẹ̀ ló tún ń wò.

Mo ní kó lọ sọ fún ọkọ ẹ̀ pé kó fi ahọ́n ẹ̀ kọ ọ́, ó dùn tó bẹ́ẹ̀.

Ó sunkún. Kò sẹ́ni tó máa ka èyí, nítorí náà màá kọ òótọ́ síbẹ̀: ẹkún ẹ̀ dùn mọ́ mi nínú. Mo sùn dáadáa.

Ọjọ́rú, 10 Oṣù Kejì

Èmi àti Tíṣà jà.

Abẹ́ fèrèsé ńlá tó wà ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà la máa ń jókòó sí, torí ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ wà. Ìwé kan kì í kúrò lọ́wọ́ wa tí a kò ní kọ́kọ́ dá ẹjọ́ ẹ̀ níbẹ̀. Ẹnì kan á ṣe adájọ́, ẹnì kan á ṣe lọ́yà ìjọba. Ẹni tó ni ẹjọ́ kì í ṣe ara ẹ̀ o. Ẹlẹ́rìí tó takò ó ló máa ń ṣe — á rìn bíi tonítọ̀hún, á sọ̀rọ̀ bíi tiẹ̀, á fi ara ṣe gbogbo ohun tó lóun rí. Tíṣà ló dá a sílẹ̀. Ó ní kò sẹ́ni tó há irọ́ sórí tó ẹni tí wọ́n pa á mọ́. Èmi náà ti ṣe Ahọ́n níbẹ̀ láìmọye ìgbà. Mo mọ ẹkún ẹ̀ sun ju òun gan-an lọ.

Tíṣà ní a ò lé ẹnikẹ́ni padà lábẹ́ fèrèsé rí. Mo ní ó yá, ẹ bẹ̀rẹ̀ lórí ẹni yìí. Ó ní òkò àbínújù kì í pẹyẹ. Mo ní ta ló ń wá ẹyẹ? Ahọ́n ni mò ń wá.

Ó kó ìwé òfin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ra, ó jókòó lé wọn. 

Níkẹyìn mo gbà, ṣùgbọ́n èmi ni màá ṣe lọ́yà ìjọba. Mo fẹ́ bó o láwọ níṣojú àwùjọ.

Ẹtì, 12 Oṣù Kejì

 Jẹ́ kí n tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ọlọ́dẹ ilé-iṣẹ́ ọ̀dà ló jẹ́rìí pé Ahọ́n ló jalè, nítorí náà Ahọ́n dìde láti ṣe ọlọ́dẹ. Ẹ̀bùn ni, mi ò ní purọ́. Ó ki ohùn, ó ń tiro díẹ̀, ó ń fi ìka họ imú, gbogbo èèyàn ń rẹ́rìn-ín. Mo ń wò ó. Báyìí náà ló ṣe ṣe tèmi.

Ọlọ́dẹ sọ ní kóòtù pé òun rí olè náà lẹ́yìn, ó gbé garawa ọ̀dà ńlá lé èjìká ọ̀tún, ó na ọwọ́ ọ̀tún sókè dì í mú, ó ń fi òsì ṣílẹ̀kùn. Mo ní kó ṣe é ká rí i. Garawa òfìfo kan wà nílẹ̀. Ọwọ́ òsì ló fi gbé e. Mo ní, ọ̀tún ni ọlọ́dẹ wí. Ó gbìyànjú. Apá náà dé ọ̀gangan àyà, ó dúró. Ó fi òsì tì í lábẹ́ ìgúnpá. Kò lọ. Òógùn bo ojú ẹ̀.

Mo ní kó bọ́ ẹ̀wù. Ó ní òtútù ń mú òun. Tíṣà, tó ń ṣe adájọ́, ní kó bọ́ ọ.

Láti èjìká títí dé ìsàlẹ̀ ìgúnpá, awọ ibẹ̀ sún kì, ó ń dán. Ojú iná ni. Ó ti pẹ́ lára ẹ̀.

Ariwo sọ. Ẹni tí apá ẹ̀ kò ré kọjá àyà, báwo ló ṣe na ọwọ́ sókè di garawa mú? Ó jàre! Wọ́n ń pàtẹ́wọ́, ẹnì kan ń gbá a lẹ́yìn. Èmi nìkan ni mo dúró sójú kan. Mo ti kun fáníìṣì fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó di fọ́mánù, mo mọ bí iná tínà, omi tí a fi ń po fáníìṣì, ṣe ń jó èèyàn. Ahọ́n ló wà lódìkejì títì, lábẹ́ igi. Ta wá ni iná jó lábẹ́ igi?

Mo bi í ní pẹ̀lẹ́ ìdí tí kò fi apá yìí han adájọ́ tiẹ̀. Ó sáré na ọwọ́ òsì sí ẹ̀wù ẹ̀. Mo ti mọ ìdí. Bó bá bọ́ ẹ̀wù, wọ́n á bi í níbi tí iná ti jó o. Ó yàn láti ṣẹ̀wọ̀n ọdún méje fún olè tí kò jà, ju pé kó bọ́ ẹ̀wù.

Ìgbà yẹn ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tó sọ ọ́ níṣojú gbogbo wa. Sìgá ló ń mu nídìí agolo tínà. Ó ju ìyókù ẹ̀ sílẹ̀, ó lóun tẹ̀ ẹ́ pa. Kò tẹ̀ ẹ́ pa. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá wá a délé, ẹ̀wù ti bo apá náà; wọ́n ti gbọ́ nípa ìjà èmi àti ọ̀gá, orúkọ mi ni wọ́n kọ́kọ́ fi bi í. Ó kàn ní bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́yìn ìyẹn kò rí ibi yà sí mọ́.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rù ló bà mí."

Ẹ̀rù! Ẹ̀rù bà ọ́, lo bá gbé mi jù sínú kànga kí ìwọ lè rí mi tẹ̀. Wọ́n dì mí mú. Tíṣà ló di ọwọ́ tí mo fi gbé òòlù.

Àbámẹ́ta, 13 Oṣù Kejì

Àbúrò mi ló ń fi oògùn pa á lójú iná náà títí ó fi jinná. Ó wá jókòó ní kóòtù, ó ń wolẹ̀. Ọmọ ìyá mi. Ó mọ̀.

Ìṣẹ́gun, 16 Oṣù Kejì

Ìyá Báàgì wá — lọ́yà obìnrin tó ń ràn wá lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, báàgì ẹ̀ fẹ́ẹ̀ tóbi ju òun fúnra ẹ̀ lọ. Mo ròyìn fún un, mo fẹ́ẹ̀ gun tábìlì. Ó gbọ́ mi dé òpin, ó bọ́ awò ojú, ó nù ún. Nígbà tó bá ń nu awò yẹn, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ó ní ẹ jẹ́ ká gbé e wò. Ẹni tí kóòtù ti ní olè ni, tó ń bá mi ṣẹ̀wọ̀n nínú ọgbà kan náà, tó tún jẹ́ àna mi, ló sáré jáde wí pé mi ò jẹ̀bi. Lọ́yà ìjọba á ní inú ìkòkò kan la ti se é. Bí a bá mú un lọ báyìí, wọ́n á dà á nù, a ò sì ní rí àǹfààní náà lẹ́ẹ̀kejì. Ṣùgbọ́n bó bá kọ́kọ́ gba ara ẹ̀ lọ́wọ́ ẹjọ́ olè, tí dókítà jẹ́rìí níwájú adájọ́ pé iná àtijọ́ ló jó apá ẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀ á níyì.

Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ.

Kí èmi tó lè jáde, mo ní láti kọ́kọ́ tú Ahọ́n sílẹ̀. Èmi ni màá jókòó kọ̀wé pé ọmọlúàbí ni. Mo fọ́ pákó méjì lẹ́yìn tó lọ, pákó tó dáa.

Ọjọ́rú, 17 Oṣù Kejì

Mo rí i. Mo ti mọ ojú ewé náà tipẹ́, nínú ìwé tí kò léèpo, mo kàn máa ń kà á bí ẹni ń gbọ́ òórùn ọbẹ̀ aládùúgbò ni. Ẹni tó bá jẹ́rìí èké tí wọ́n fi sọ ẹlòmíràn sẹ́wọ̀n gbére, òun náà lè fi ẹ̀wọ̀n gbére jẹ ẹ́.

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Màá tú u sílẹ̀. Màá fọ orúkọ ẹ̀ títí á fi funfun. Màá jẹ́ kó dé ilé, kó jẹun lórí tábìlì, kó sùn lórí tìmùtìmù, kí ara ẹ̀ gbàgbé sìmẹ́ńtì. Lẹ́yìn náà á wá sí kóòtù wá tú mi sílẹ̀ — ahọ́n ẹ̀ tó gbé mi wọlé ló máa gbé òun náà padà. Mi ò ní tì í. Mi ò ní fọwọ́ kàn án. Mi ò kàn ní sọ fún un ni.

Tíṣà béèrè ìwé náà. Mo ní mo ṣì ń kà á. Ó wò mí pẹ́.

Ọjọ́ Ajé, 22 Oṣù Kejì

A bẹ̀rẹ̀ ìwé Ahọ́n. Ó dà bí kí n máa fọ ẹsẹ̀ ẹni tó tẹ̀ mí mọ́lẹ̀. Mo kọ "olùpẹ̀jọ́ jẹ́ ẹni tí a mọ̀ sí olóòótọ́," pẹ́nì mi gún bébà lu.

Ìwé náà dáa. Mi ò lè kọ̀wé burúkú, kódà fún un.

Ọjọ́rú, 3 Oṣù Kẹta

Ó ní kí n jẹ́ kí òun máa ràn mí lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ń fi ọwọ́ òsì di ẹ̀yìn pákó mú, mo ń fi ayùn rẹ́ ẹ. Ó ń sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ. Èyí àárín ń fọwọ́ òsì kọ̀wé bíi tèmi, wọ́n ti nà án títí, kò gbọ́. Mo fẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín. Mo rántí ara mi.

Mo bu oúnjẹ mi fún un, torí ó ti rù jù, mi ò fẹ́ kó kú mọ́ mi lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, inú yín mà dáa o." Mo ní kó jẹun.

Àwọn ìgbà kan á máa wò mí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu ẹ̀. Mi ò bi í.

Ẹtì, 19 Oṣù Kẹta

Dókítà yẹ apá ẹ̀ wò. Ó ní kò lè gbéra láéláé, ó sì ti pẹ́ tó ti rí bẹ́ẹ̀. Mo fò sókè. Wọ́dà ní ṣé èmi ni wọ́n fẹ́ tú sílẹ̀ ni? Mo ní ó kù díẹ̀.

Ọjọ́rú, 14 Oṣù Kẹrin

Ó jàre! Adájọ́ mẹ́ta, ohùn kan. Ìyá Báàgì ní wọ́n ka ìwé mi sókè ní kóòtù, wọ́n béèrè pé lọ́yà wo ló kọ ọ́.

Abẹ́ fèrèsé kún fún ijó. Mo jó. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tí mò ń jó fún.

Ọjọ́bọ̀, 15 Oṣù Kẹrin

Ó lọ. Ó fi ọwọ́ òsì di ọwọ́ mi mú lẹ́nu géètì, ó ní òun á lọ rí Ìyá Báàgì, òun á búra, òun á wá sí kóòtù. Lẹ́yìn náà kò lọ. Ó dúró síbẹ̀, ó ń wò mí lójú, títí wọ́dà fi ní ṣé ó fẹ́ padà wọlé ni.

Mo ní kó bá mi kí àwọn ọmọ.

Ọjọ́ Ajé, 26 Oṣù Kẹrin

Ìyá Báàgì ní kò tíì yọjú sí ọ́fíìsì òun.

Ọjọ́rú, 28 Oṣù Kẹrin

Kò yọjú.

Òmùgọ̀ ni mí. Mo fi ọwọ́ ara mi ṣí ilẹ̀kùn fún un, mo wá jókòó ti ilẹ̀kùn. Kí ló fẹ́ mú un padà wá? Ìfẹ́ mi? Bí mo bá tún fojú kàn án láyé yìí, mi ò ní wá òfin lọ.

Àìkú, 2 Oṣù Karùn-ún

Àbúrò mi wá. Ó gbé oúnjẹ wá. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọpẹ́, ó dúpẹ́ títí ọpẹ́ fi tán, ó wá ń yí ìbòrí ẹ̀ po. Ó ní ọkọ òun ò sùn látìgbà tó ti dé, pé ó máa ń jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, á ní òun gbọ́dọ̀ lọ. Ó ní òun ló ń dá a dúró. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n ránṣẹ́ sí i pé kó fi í sílẹ̀. Ó ní:

"Ẹ̀gbọ́n mi, àwa ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i padà ni. Ẹ̀yin ti pẹ́ níbí. Ó ti mọ́ yín lára."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ó ti mọ́ mi lára.

Mi ò pariwo. Mo gbé oúnjẹ ẹ̀ fún un padà lábẹ́ wáyà. Mo ní kó sọ fún ọkọ ẹ̀ pé mo ní kó wá, mo sì ní gbogbo ara ni mo fi ń retí ẹ̀. Àtòun àtọkọ ẹ̀ ló máa jẹ ẹ́. Kí òun náà mọ bí ilé ṣe ń rí nígbà tí wọ́n bá mú ẹnì kan jáde nínú ẹ̀ tí kò padà.

Ọjọ́ Ajé, 10 Oṣù Karùn-ún

Ahọ́n lọ! Ó dé ọ́fíìsì Ìyá Báàgì láàárọ̀ kùtù, ó búra, ó fọwọ́ sí i.

Ìyá Báàgì tún ń nu awò. Ó ní ohun kan ń kọ òun lóminú. Òun kì í ṣe lọ́yà Ahọ́n, kò yẹ kí òun gbà á nímọ̀ràn, ṣùgbọ́n òun ní kó wá lọ́yà tiẹ̀ kó tó búra. Ahọ́n ní ẹ̀gbọ́n òun ni lọ́yà òun. Ìyá Báàgì wá bi mí: ṣé Ahọ́n mọ ohun tí òfin lè fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe fún un?

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní mo ti sọ fún un, mo ti ṣàlàyé ẹ̀ dáadáa.

Ó rọrùn lẹ́nu. Mo ti máa ń rò pé á ṣòro.

Ẹtì, 21 Oṣù Karùn-ún

Wọ́n ti mú ọjọ́. Ọjọ́ kẹrin oṣù tó ń bọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 3 Oṣù Kẹfà

Tíṣà fá irun mi.  Ó ní bí mo bá jáde, kí n má padà wá kí òun, kí n kàn fi ìwé òfin tuntun ránṣẹ́, èyí tó léèpo. Nígbà tó ń nu ọrùn mi, ó ní ohun tí ènìyàn bá fẹ́ sọ, ọ̀la ṣì wà. Mo ní mi ò ní nǹkan kan láti sọ. Ó ní ó dáa.

Mo ti ń fi ojú inú wo ojú Ahọ́n láti àárọ̀ — ẹnu á là sílẹ̀, ojú á máa yí kiri, á máa wá ẹni tó máa gbà á. Mo fẹ́ jókòó sítòsí.

Ẹtì, 4 Oṣù Kẹfà

Nínú yàrá tí Ìyá Báàgì bá mi wá ni mo ti ń kọ èyí. Fèrèsé ibí kò nírin. Mo ti ṣí i, mo ti tì í, mo tún ti ṣí i.

Ó wá. Ó wọ ẹ̀wù funfun alápá gígùn. Àbúrò mi wà lẹ́yìn pẹ̀lú àwọn ọmọ, mo kọ́kọ́ rí èyí àárín, ó jọ mí débi pé mo gbójú kúrò. Wọ́n ní kí Ahọ́n gbé ọwọ́ ọ̀tún sórí ìwé mímọ́. Kò lè nà dé bẹ̀. Òsì ló fi búra.

Ó sọ gbogbo ẹ̀. Sìgá, tínà, bó ṣe sá, ohun tó sọ fún ọlọ́pàá. Ó bọ́ ẹ̀wù láìsí pé wọ́n ní kó bọ́ ọ. Kò sunkún lọ́tẹ̀ yìí, ohùn ẹ̀ kàn rí bákan ṣáá, bí ẹni ń ka nǹkan tó ti kà sórí. Lọ́yà ìjọba dìde, ó tún jókòó.

Adájọ́ bojú wo Ìyá Báàgì. Ó ní ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin yìí sọ yìí lè sọ òun náà sẹ́wọ̀n gbére. Ṣé wọ́n jẹ́ kó mọ̀? Ó ní bó bá jẹ́ pé wọ́n tàn án wá síwájú òun ni, òun ò ní gba ọ̀rọ̀ náà wọlé, kí gbogbo wa máa padà síbi tí a ti wá. Ìyá Báàgì yíjú sí mi.  Mi ò rò ó débẹ̀ rí. Gbogbo òfin tí mo kà, mi ò rò ó débẹ̀.

Adájọ́ ní kí Ìyá Báàgì má dáhùn, ẹlẹ́rìí ni kó dáhùn fúnra ẹ̀.

Ahọ́n wò mí. Mo wá ìpayà lójú ẹ̀, èyí tí mo ti ń retí látìgbà yìí wá. Kò sí níbẹ̀. Ó rẹ̀ ẹ́ ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wá kọjú sí adájọ́.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Olúwa mi. Ẹ̀gbọ́n mi ló ka ojú ewé náà sí mi létí nígbà tí a jọ wà lẹ́wọ̀n. Wọ́n túmọ̀ ẹ̀ fún mi. Wọ́n ní bí ẹ̀rù bá ń bà mí, kí n má wá."

Mi ò ka ojú ewé kankan sí i létí. Tíṣà ni, kò lè jẹ́ ẹlòmíràn. Nítorí náà Ahọ́n ti mọ̀ kó tó jáde. Ó mọ̀ nígbà tó ń di ẹ̀yìn pákó mú, ó mọ̀ lẹ́nu géètì níbi tó dúró sí tó ń wò mí. Ó ń dúró dè mí kí n sọ ọ́.

Adájọ́ kọ ọ́ sílẹ̀. Ọlọ́pàá ti ń bọ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀ pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, wọn ò mọ bí wọ́n ṣe máa dè é, torí apá ọ̀tún kò lọ sẹ́yìn. Àbúrò mi kígbe. Mo lè dìde nígbà yẹn. Mo lè ní irọ́ ni, Olúwa mi, mi ò sọ fún un. Ọ̀rọ̀ yẹn ò ju ká mí ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Mo jókòó. Mo jókòó síbẹ̀ títí adájọ́ fi ní kí n máa lọ sílé.